Erùpẹ̀ Inú Ihò: Àgbéyẹ̀wò Ogún Ayé Ìgbàanì, Láti Etí Òkun Dé Ihò Eléérú

Bí a bá ń ka àwọn ihò ayé ìgbàanì tí òkìkí wọn kàn lágbàáyé, etí òkun ni púpọ̀ nínú wọn wà. Blombos àti Pinnacle Point wà ní Gúúsù Áfíríkà, Haua Fteah wà ní Líbíà, ihò Gorham wà ní Gibraltar, Cosquer sì wà lẹ́bàá Marseille ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó jókòó sí Ẹ̀rìn-Ilé ní Kwárà, tó jẹ́ pé odò Ọ̀yun ni omi tó mọ̀, lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará etí omi iyọ̀ lèyí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kan Ìbọ̀lọ́ àti Ìgbómìnà, ó kan Àkúrẹ́, ó kan Ọ̀yọ́-Ilé. Ihò tó ṣe pàtàkì jù lọ fún ìtàn ènìyàn ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ Yorùbá ló wà. Ihò Eléérú ni, nítòsí Ìsàrùn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nǹkan bí kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́. Ó ń dùn mí pé ọmọ wa tó jáde ìwé mẹ́wàá lè ka orúkọ Blombos fún ọ, kó má sì tíì gbọ́ Ihò Eléérú rí.

Èrò tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àgbéyẹ̀wò yìí kò pọ̀: erùpẹ̀ tó wà nílẹ̀ ihò gan-an ni ogún náà. Àpáta tó ṣíji bò ó yóò máa wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń tètè bàjẹ́. Ọkọ́ kan, ní ọ̀sán kan péré, lè da ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá rú, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá láti tún un tò. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé òfin dáàbò bo ihò kan, ìbéèrè tó yẹ ká bi ìjọba ni pé ta ló ń ṣọ́ erùpẹ̀ rẹ̀.

Ìdí tí erùpẹ̀ fi níyì tó bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Àwọn tó bá fi abẹ́ àpáta ṣe ilé máa ń dáná, wọ́n ń jẹ ẹran, wọ́n ń la òkúta fi ṣe ọ̀bẹ, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sílẹ̀ níbẹ̀. Eérú, egungun, èédú àti ẹ̀rún òkúta á máa kó jọ, ekuru á bò wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn á dé lẹ́yìn wọn, wọ́n á tún dáná tiwọn sórí rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ìpele ń gorí ìpele, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló sì pẹ́ jù. Ní ìta gbangba, àgbàrá á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú igbó tiwa, òjò àti ewé jíjẹrà ń mú kí ilẹ̀ kan, ilẹ̀ tó kan yìí á sì jẹ egungun títí kò ní ku ẹyọ kan. Abẹ́ àpáta, níbi tí òjò kò dé, ni egungun ará àtijọ́ ti lè sinmi díẹ̀ ní agbègbè wa. Ìdí nìyẹn tí ihò kan ṣoṣo fi lè sọ ohun tí oko ẹgbẹ̀rún kò lè sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ etí òkun. Láti Àgbádárìgì títí dé Ìlàjẹ, iyanrìn, ọ̀sà àti ẹrẹ̀ ni etí òkun wa. Kò sí àpáta níbẹ̀ tí ìgbì lè gbẹ́ ihò sí lára. Bí ó tilẹ̀ wà, omi ti gba ibùgbé àwọn ará àtijọ́. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òtútù mú ayé tí yìnyín sì bo apá àríwá rẹ̀, òkun fà sẹ́yìn, ó lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 120 sí ibi tó dé lónìí. Ibi tí ẹja ti ń wẹ̀ níwájú Èkó nísinsìnyí jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ nígbà náà, tí ẹranko àti ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òkun ti gbé mì, kó wo Cosquer. Henri Cosquer, òmùwẹ̀ kan, ló rí ẹnu ihò náà ní 1985, ní mítà 37 nísàlẹ̀ omi. Ọ̀nà tóóró kan gòkè láti ibẹ̀ wọ yàrá ńlá tí omi kò kún tán, àwòrán ẹṣin, ti màlúù ìgbẹ́ àti ti ẹyẹ òkun sì wà lára ògiri rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn tó yà wọ́n fi rìn wọ ibẹ̀, nígbà tí òkun ṣì jìnnà. Ní 1991 ni ayé gbọ́ nípa rẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà sì ni òmùwẹ̀ mẹ́ta kú sínú ọ̀nà tóóró náà. Ìjọba Faransé dí ẹnu rẹ̀, ó sì fi òfin dè é. Síbẹ̀ omi kò gbọ́ òfin. Ó ń gòkè, ó sì ti ń fọ díẹ̀díẹ̀ lára àwọn àwòrán náà. Ní Blombos, òdìkejì èyí ló ṣẹlẹ̀. Iyanrìn tí afẹ́fẹ́ gbá wá ló dí ẹnu ihò náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, nǹkan kan kò sì fọwọ́ kan erùpẹ̀ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkúta pupa bí osùn tí ènìyàn fín ìlà sí lára ní nǹkan bí 75,000 ọdún sẹ́yìn, ìlà tó gba orí ara wọn kọjá létòlétò. Ní 2024, UNESCO fi Pinnacle Point, Diepkloof àti Sibudu, gbogbo wọn ní Gúúsù Áfíríkà, sínú àwọn ogún àgbáyé. Ní ti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òkìtì ìkarahun ni ogún rẹ̀ tó hàn jù. Ní ẹnu odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gà, òkìtì 218 ló wà, tí àwọn apẹja àtijọ́ fi ìkarahun tí wọ́n ti jẹ ẹran inú rẹ̀ kó jọ. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ní 2011. Ihò tiwa, inú igbó ló wà.

Thurstan Shaw ló wa ilẹ̀ Ihò Eléérú ní 1965, pẹ̀lú S.G.H. Daniels. Shaw kan náà ló ti walẹ̀ ní Igbo-Ukwu, tó sì dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n bá kì í ṣe ihò jíjìn tó ṣókùnkùn. Àpáta ńlá ló yọ síta bí ẹ̀yìn ilé tí òrùlé rẹ̀ gùn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ọdẹ sì lè sá òjò síbẹ̀. Iṣẹ́ irú ibẹ̀ kò yá. Wọ́n á fi okùn pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó ń wa ilẹ̀ á kúnlẹ̀ tàbí kó lóṣòó, á máa fi tíráwẹ́ẹ̀lì bíríkìlà há erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Gbogbo erùpẹ̀ tó bá jáde, inú ajọ̀ ló ń gbà kọjá. Ohun tó bá ṣẹ́kù sórí ajọ̀, ìbáà kéré tó èékánná, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á kọ igun àti ìpele tó ti wá sí i lára. Òkúta tí kò ní àkọsílẹ̀ ibi tó ti wá ti di òkúta títì.

Ohun tó jáde níbẹ̀ ju ìdajì mílíọ̀nù ẹ̀rún òkúta lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òkúta funfun líle, irú èyí tó ń dán lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Bí o bá gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, o lè kọ́kọ́ rò pé òkúta lásán ni. Wò ó dáadáa: ẹ̀gbẹ́ kan mú bí abẹ ìfárí, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n ti kán díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú, kó má baà gé ọwọ́ tàbí kó la igi tí wọ́n kì í bọ̀. Wọn kì í fi ọwọ́ lásán mú u. Wọ́n á to mẹ́ta mẹ́rin sí ẹnu igi, wọ́n á fi oje igi lẹ̀ ẹ́, ó di ọfà tàbí ọ̀bẹ. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe irú nǹkan báyìí mọ iṣẹ́ wọn, wọn kì í sì í fi òkúta ṣòfò.

Ní ìpele òkè, tó jẹ́ ti àìpẹ́ sí ìgbà tiwa, àpáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, òkúta àáké tí wọ́n lọ̀ dán sì hàn pẹ̀lú rẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ Ihò Eléérú ti wọ ilé wa gan-an. Kò sí àgbẹ̀ tó pẹ́ lóko ní Ẹ̀rìn-Ilé, Ìpeé tàbí Ìjàgbó tí kò mọ ẹdùn àrá. Ọkọ́ á kàn án lẹ́yìn òjò, òkúta dúdú tó dán, tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ bí àáké, ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Wọ́n á gbé e lọ fún àwọn adóṣù, a sì gbà pé Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀ láti òkè. Odó Ṣàngó ni ó ń gbé, wọ́n ń fi epo pa á, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Èmi kò rí ìjà kankan láàárín èyí àti ohun tí awalẹ̀pìtàn ń sọ, pé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi òkúta yẹn gé igbó kí irin tó dé. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣàngó. Ní ìgbà tí kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan, ojúbọ wọn ló ṣe é, ọ̀pọ̀ irin iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni ìbá sì ti sọnù bí kì í bá ṣe tiwọn.

Àmọ́ ohun tó sọ Ihò Eléérú di ọ̀rọ̀ àgbáyé ni ènìyàn tí wọ́n bá níbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kan egungun àgbàlagbà kan tí àwọn ará rẹ̀ sin. Egungun náà ti jẹrà púpọ̀, ṣùgbọ́n òkè agbárí rẹ̀ àti egungun àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́kù. Èédú tí wọ́n rí nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Igi tó wà láàyè ní irú kábọ́nù kan nínú tó ń dín kù létòlétò lẹ́yìn tí igi bá kú. Ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Ẹni tó bá wọn ohun tó ṣẹ́kù á mọ ìgbà tí igi náà kú. Èsì tó jáde ni nǹkan bí 11,200 ọdún lórí ìwọ̀n kábọ́nù, èyí tó di nǹkan bí 13,000 ọdún nígbà tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe rẹ̀ sí ọdún kàlẹ́ńdà. Don Brothwell àti Shaw kọ̀wé nípa agbárí náà ní 1971. Nígbà tó sì di 1974, Chris Stringer ṣàkíyèsí pé ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì.

Kí ló ṣàjèjì nípa rẹ̀? Agbárí tiwa lónìí ga, ó sì rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ti Ihò Eléérú gùn lọ sẹ́yìn, ó sì rẹlẹ̀ lókè. Ní 2011, Katerina Harvati, Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi kọ̀ǹpútà wọn gbogbo igun rẹ̀, wọ́n fi wé ọ̀pọ̀ agbárí láti ibi gbogbo láyé. Wọ́n rí i pé kò jọ ti àwọn tó gbé ayé ní ìgbà tirẹ̀. Ó súnmọ́ agbárí tó ti lé ní 100,000 ọdún, bíi ti Laetoli ní Tanzania. Wọ́n tún wọn ùréníọ̀mù tó ti inú ilẹ̀ wọ inú egungun náà lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, èyí sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Èédú àti egungun wá gbà fún ara wọn.

Kí ni kí a rí fà yọ níbẹ̀? Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń tọ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan tí ìrísí wọn jẹ́ ti ayé àtijọ́ ṣì wà láàyè nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà tí àwọn tó dà bí wa ti gba ibi gbogbo, tí wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ará ibí kan náà ni wọ́n, àmọ́ tí wọ́n ti pẹ́ ní ìyàsọ́tọ̀ tó fi jẹ́ pé ìrísí àtijọ́ kò kúrò lára wọn. Ní 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Yorùbá tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn ní Ìbàdàn sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ wọn lè ti wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ kan tí a kò tíì rí egungun rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ará Ihò Eléérú ni ẹ̀yà náà. Èmi kò sì ní fọwọ́ sí i kí a máa pe ẹni tí a rí níbẹ̀ ní baba ńlá Yorùbá. Ọdún 13,000 jìnnà sí Odùduwà, ènìyàn ti wọlé ti jáde láàárín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bèèrè ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí, abẹ́ àpáta yẹn ló kọ́kọ́ yẹ ká lọ.

Ní 2023, ìwádìí tuntun mìíràn jáde tí Jacopo Niccolò Cerasoni ṣáájú rẹ̀. Egungun ẹran tó wà ní Ihò Eléérú nìkan ni wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ayé yìnyín, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn àti erùpẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ya ni lẹ́nu: ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tó yí agbègbè náà ká yí padà láti igbó sí ọ̀dàn, síbẹ̀ igbó kò kúrò ní àyíká ihò náà. Erékùṣù igbó ni àwọn ènìyàn yẹn gbé láàárín ọ̀dàn. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń sọ pé igbó kìjikìji kò ṣeé gbé fún ará àtijọ́, àyàfi kó lo àáké irin. Ihò Eléérú ti já irọ́ náà.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. 1965 ni wọ́n walẹ̀. 1984 ni ìròyìn kíkún Shaw àti Daniels jáde, lẹ́yìn ọdún 19. 2011 ni wọ́n mọ bí agbárí náà ṣe ṣàjèjì tó. 2023 ni wọ́n mọ irú igbó tó yí i ká. Ní 1965, Shaw kò ní ẹ̀rọ tó lè ṣe ohun tí ti 2011 ṣe, ìyẹn sì ni ìdí tí mo fi ń pariwo erùpẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ohun tí a kò lè rí nínú erùpẹ̀ lónìí, ọmọ ọmọ wa lè rí i, bí a bá fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un ní bó ṣe wà. Níbi gbogbo láyé tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí, wọn kì í wa gbogbo ihò tán. Wọ́n á fi apá kan sílẹ̀ láìfọwọ́kàn fún àwọn tó ń bọ̀. Bí àjọ tàbí yunifásítì kan bá tún wá sí Ìsàrùn lọ́la, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí Ọba àti àwọn ìjòyè bèèrè lọ́wọ́ wọn ni èyí tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀.

Ihò Eléérú kò dá wà. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, Frank Willett rí irú ẹ̀rún òkúta bẹ́ẹ̀ ní ihò Mejiro, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1962. Ihò náà wà nínú ọgbà ìtọ́jú ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1991. Ní Itaakpa, lẹ́bàá Ifẹ̀-Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, Philip Oyelaran rí ẹ̀rún òkúta, àpáàdì àti egungun àgbọ̀n ènìyàn, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 2,200 ọdún. Ní Shum Laka ní Kamẹrúùnù, egungun àwọn ọmọdé mẹ́rin tí wọ́n sin síbẹ̀, méjì ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, méjì ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, ṣì ní ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2020. Irú àwọn ihò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé òkè Kamẹrúùnù, ó sì yẹ kí ìyẹn bà wá lẹ́rù.

Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀rìn-Ilé lè ní kí ló kàn wá, Ìsàrùn jìnnà. Àwa náà ní tiwa nítòsí. Ère Èsìẹ́ wà ní Ìgbómìnà, ó lé ní 800, òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Púpọ̀ wọn jókòó sórí àpótí. Ọkùnrin wà, obìnrin wà, irun wọn gbé ara wọn gùn lóríṣiríṣi, ẹlòmíràn mú idà lọ́wọ́, ìlà wà ní ojú àwọn kan. Ọ̀pọ̀ ni orí wọn ti kán. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n láti ayébáyé, wọ́n sì ní àjèjì ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. 1933 ni àwọn òyìnbó gbọ́ nípa wọn láti ẹnu H.G. Ramshaw, alábòójútó ilé ìwé ìjọ CMS. Ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà ṣí níbẹ̀. Kò tíì sí Èkó, kò tíì sí Jọ́ọ̀sì tàbí Ifẹ̀, abúlé kan ní Ìgbómìnà ti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun ìwúrí ni fún wa ní apá yìí, ó sì tún jẹ́ ẹ̀kọ́. Ère hàn, ó lójú, ó nímú, ènìyàn kò nílò kí a ṣàlàyé kó tó ṣàánú rẹ̀. Erùpẹ̀ abẹ́ àpáta kò ní ojú tí yóò fi bẹ̀bẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí. 1953 ni òfin ohun àtijọ́ ti kọ́kọ́ wáyé, ó sì dá ẹ̀ka ìjọba kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ wọn. Òfin 77 ti 1979 ló dá NCMM sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí. Lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wa ilẹ̀ fún ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìní ìwé. Òfin tó jẹ mọ́ àyẹ̀wò ewu iṣẹ́ sí àyíká tún jáde ní 1992, kúárì sì wà nínú iṣẹ́ tó yẹ kó gba àyẹ̀wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Ó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò lè sọ ibì kan di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè àyàfi bí ìpínlẹ̀ tó wà níbẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ó sì fàyè gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti ṣe òfin tirẹ̀ lórí èyí tí Àbújá kò tíì mú. Kwárà lè ṣe é. Oǹdó lè ṣe é. Kò sí ìdí láti máa dúró de Àbújá.

Níbi tí òfin kò bá ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bété I ló ń ṣẹlẹ̀. Ní Anyama, lẹ́bàá Abidjan, Yodé Guédé, ọmọ Ivory Coast, pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn láti Soviet Union, wa ilẹ̀ kan ní ọdún 1980 síwájú, wọ́n sì rí òkúta iṣẹ́ nísàlẹ̀ jìnnà. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè sọ ọjọ́ orí wọn. Ní 2020, òun àti àwọn onímọ̀ tuntun padà lọ sí kòtò kan náà, wọ́n mú erùpẹ̀ ibẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní 2025, èsì jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: 150,000 ọdún sẹ́yìn ni ènìyàn ti ń gbé inú igbó kìjikìji níbẹ̀. Kò tíì sí ibì kankan láyé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn inú igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì yẹn fi jáde, ibẹ̀ kò sí mọ́. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ fún òwò ti wa gbogbo rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba erùpẹ̀ tí wọ́n tètè mú ní 2020 nìkan ló kù. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, a kì bá tí mọ̀ láé.

Nígbà tí mo ka èyí, àpáta tó yí wa ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun àti Ìrẹ́pọ̀dùn ló wá sí mi lọ́kàn. Òkúta Kwárà dára fún ilé àti títì, kúárì sì ń pọ̀. N kò sọ pé kí wọ́n má fọ́ òkúta. Ìlú ń dàgbà, ọ̀nà ń bàjẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ rìn yí àpáta náà ká kí wọ́n tó gbé ẹ̀tù sí i, kó wo bóyá abẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rún òkúta, àpáàdì tàbí eérú. Ọjọ́ kan tó. Ohun tó bá rí, kó kọ ọ́, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ṣọwọ́ sí NCMM àti sí ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní Ìbàdàn. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, kí wọ́n gbé kúárì sún díẹ̀.

Àwọn tó sì yẹ kó ṣọ́ ihò, ọwọ́ wa ni wọ́n wà. Ọdẹ ló mọ igbó. Ọdẹ ló mọ ibi tí àdán ń gbé, ibi tí àpáta gbé ṣe òrùlé, ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti ń yan ẹran. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá lè san owó fún ọdẹ láti ṣọ́ ojú pópó lóru, ó lè san fún mélòó kan láti máa ṣọ́ ihò. Ìyẹn ló dára ju gẹ́ẹ̀tì irin lọ, nítorí gẹ́ẹ̀tì tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ṣe ló ń sọ fún olè pé nǹkan wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ọdẹ náà ní ohun mẹ́ta péré: pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ fi ṣe ajílẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe é, kí ọdẹ náà tètè sọ.

Ní ti ẹdùn àrá, mo ń bẹ àwọn àgbẹ̀ wa àti àwọn oníṣàngó. Ẹ má ta á fún àwọn tó ń fi mọ́tò ra nǹkan àtijọ́ kiri. Bí ó bá jáde lóko, kí ẹ tó gbé e lọ sí ojúbọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fóònù ya ibi tó wà, ẹ kọ orúkọ oko àti ọdún sí ìwé, kí olùkọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó súnmọ́ yín bá yín tọ́jú ìwé náà. Bí a bá fi àmì ibi tí wọ́n ti rí i sórí àwòrán ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ní Ẹ̀rìn-Ilé, Ọ̀fà, Ìpeé, Ìlémọ̀nà àti Òjòkú, a ó rí ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà la ó mọ àpáta tí awalẹ̀pìtàn yẹ kó kọ́kọ́ wo ní agbègbè wa.